Ohùn Tẹ́nọ̀ Láti Òdìkejì Odò

Ìbídùn wà lórí òrùlé, ó ń fi àkísà tútù nu eruku kúrò lójú àwo oòrùn, nígbà tí Àdúrà Ogun bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú etí kejì rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tí òfin ní kí gbogbo ará ìlú fi sétí. Kò dá iṣẹ́ dúró. Kò sẹ́ni tó ń dá iṣẹ́ dúró fún àdúrà náà mọ́. Ohun tí òfin ń fẹ́ ni pé kí ẹnu èèyàn ṣe Àmín níbi tó yẹ, kí etí kejì sì gbọ́ ọ. Ní ilé tó kángun sí tiwọn, ìyá arúgbó kan ń sá aṣọ, ó ń ṣe Àmín. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe ní iwájú ilé náà fi eyín di ìṣó mú, ó ń ṣe Àmín láti inú imú.

"Kí iná Rẹ jó wọn ní Òdìkejì," ni ohùn Alàgbà Olútìmẹ́hìn wí.

"Àmín," ni Ìbídùn wí, ó tẹ àkísà mọ́ ìgbẹ́ ẹyẹ tó ti gbẹ mọ́ àwo.

"Kí odò Àlàmọ̀ di ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu wọn."

"Àmín."

Ó ti ṣe é tán kó tó rántí pé odò Àlàmọ̀ kan náà ni àwọn náà ń mu. Ó wo ọ̀nà odò, bí ẹni pé omi náà lè ti gbọ́ kó sì ti máa pọ́n. Lẹ́yìn náà orin bẹ̀rẹ̀.

Orin Agbo wọn ni, Agbo Orin Òwúrọ̀, ẹgbẹ́ akọrin tí Alàgbà ń darí. Òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń kọ áltò. Kálukú wọn máa ń dúró níwájú gíláàsì ògiri tó ń gbé ohùn àti àwòrán nínú ilé tirẹ̀, á kọ ohùn tirẹ̀, Agbo á sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ó gbọ́ àwọn sopranó. Ó gbọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni tẹ́nọ̀ wọlé, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gba ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni tó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn kó tó jókòó.

"Ìparun ti dé ilé wọn o," ni tẹ́nọ̀ náà kọ. "Kí ọmọ wọn má dìde mọ́."

Ẹsẹ̀ Ìbídùn yọ̀. Ó di irin àwo mú, ṣùgbọ́n garawa omi yí gbiri-gbiri lórí páànù, ó já sílẹ̀.

"Ìbídùn!" ni ọkọ rẹ̀ kígbe nísàlẹ̀. "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Àlàó, ọkọ rẹ̀, dúró láàárín omi tó dà sílẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ó fẹ́ bínú, àmọ́ nígbà tó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó pa á tì.

"Bàbá Kànmí, ẹ gbọ́ orin yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo ṣe Àmín sí i."

"Ohùn Kòtóyè ni."

Àlàó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fi ìka kan kan etí kejì tó wà ní etí rẹ̀, ó wá sọ sókè, bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀: "Ara mi ti dọ̀tí pátápátá. Mò ń lọ wẹ̀. Wá bá mi bu omi."

Ní gbogbo ìlú Àfọ̀n-Odò, kò síbi tí èèyàn ti lè yọ etí kejì àyàfi balùwẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni tọkọtaya ti ń bá ara wọn sọ òtítọ́. Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n kó etí kejì wọn sínú àwo ọṣẹ, wọ́n sì da aṣọ ìnura bò ó.

"Ohùn jọ ohùn," ni Àlàó wí.

"Ẹ̀yin náà mọ ohùn yẹn. Òun ló ń kọrin fún Màámi ní ọsibítù."

Àlàó kò jiyàn. Òtítọ́ ni. Nígbà tí ìyá Ìbídùn wà lórí àìsàn tó gbé e lọ, Kòtóyè, tẹ́nọ̀ Agbo wọn, ẹni tí wọn kò fojú kojú rí rí, máa ń yọjú nínú gíláàsì lọ́sàn-án lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe ní Ìlárá, lódìkejì odò. Á fi èékánná tí epo dúdú ti wọ̀ gbá etí tábìlì, á sì máa kọrin tí ìyá náà bá fẹ́. "Tẹ́nọ̀ mi ti dé," ni ìyá náà máa ń wí. Nígbà tí ọmọbìnrin Kòtóyè náà ṣàìsàn, odindi Agbo ló gbààwẹ̀ fún un. Ọmọ náà gbádùn. Wọ́n jó níwájú gíláàsì, kálukú nínú ilé tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé, nítorí ta ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn ìsédò tó ń dá omi Àlàmọ̀ dúró, ta ni yóò máa tì í. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Alàgbà yọ gbogbo àwọn tó wà lódìkejì odò kúrò nínú Agbo. Iná kékeré tó ń dúró fún wọn kú lórí gíláàsì. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ ìlú wọn mọ́. Òdìkejì ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ báyìí. Ohun tó ya Ìbídùn lẹ́nu jù kì í ṣe òfin náà. Àwọn ará Agbo ni. Àwọn tó gbààwẹ̀ fún ọmọ Kòtóyè ló ń kọ "kí ọmọ wọn má dìde mọ́". Wọn ò tilẹ̀ dín ohùn kù níbẹ̀. Òun náà kọ ọ́. Ó ti ń gbìyànjú láti mọ ìgbà tí ọkàn òun yí padà, kò rí i. Kò tilẹ̀ dá a lójú pé ó yí padà.

"Báwo ni ará Ìlárá ṣe máa kọrin ègún lé ìlú ara rẹ̀ lórí?" ló béèrè. "Ṣé wọ́n mú un ni? Ṣé wọ́n fi ìbọn sí i lẹ́yìn ni?"

"Ìbídùn, má pe orúkọ ìlú yẹn."

"Inú balùwẹ̀ la wà."

"Mo mọ̀. Má pe é." Àlàó bu omi sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Gbọ́. Ìbéèrè tèmi ti lọ. Tìrẹ nìkan ló kù nínú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ Kànmí ni wàá fi béèrè. Wàá kàn lọ fi ìbéèrè rẹ ṣòfò lórí ọkùnrin tí o kò bọ̀ lọ́wọ́ rí."

Ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ọ̀rọ̀ ogun ni òfin gbà fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan títí ogun á fi parí, Ilé Ìbéèrè sì ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè níta, wọ́n á wá mú un. Àlàó ti lo tirẹ̀ nígbà tí wọ́n kó Lásúnkànmí, ọmọ wọn, lọ sójú ogun. Ó béèrè pé ṣé ọmọ òun wà láàyè. Wọ́n dá a lóhùn pé: Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlú. Àlàó gbé ìdáhùn náà wálé bí ẹni gbé ẹyin, ó ń yí i wò láti ìgbà náà.

"Ọmọ wa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí wa ní ọjọ́ Ẹtì," ni Ìbídùn wí. "Ara rẹ̀ le. Ẹ sì gbọ́ ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Àlàó wí. Ó kọjú sí ògiri. "Mo gbọ́ ọ."

*

Alàgbà Olútìmẹ́hìn ń gbé ní òkè ìlú, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́. Nígbà tí Ìbídùn dé ibẹ̀, ọmọkùnrin Alàgbà wà ní iwájú ilé, ó ń fi kànrìnkàn wẹ ajá. Ẹgbẹ́ Kànmí ni ọmọ náà. Akọrin Ìjọba ni wọ́n kọ sára ẹ̀wù rẹ̀, a kì í sì í mú akọrin ìjọba lọ sógun. Ìbídùn kò gbọ́ orin lẹ́nu ọmọ náà rí.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni ọmọ náà wí, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ.

Alàgbà gbà á tayọ̀tayọ̀. Ó fún un ní omi. Ó béèrè àlàáfíà Àlàó. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé e wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì nàka sí ohun kan lórí tábìlì tó dà bí àwo tí wọ́n da ìdérí bò.

"Akọ́hùn nìyẹn," ló wí. "Ilé-iṣẹ́ Ìgboyà ti ìjọba ló gbé e fún wa. Gbogbo orin tí ọkùnrin yẹn ti bá wa kọ, a dà á sínú rẹ̀. Ó kọ́ ohùn náà tán. Báyìí, ohunkóhun tí a bá ní kó kọ, ó ń kọ ọ́."

"Kòtóyè kọ́ ló ń kọ ọ́ nígbà náà."

"Ohùn rẹ̀ ni."

"Ṣùgbọ́n òun kọ́."

"Ìyá Kànmí, ohùn la nílò. Wọ́n fẹ́ràn ohùn yẹn ní Òdìkejì. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ń kọrin lójú ẹsẹ̀, ìjọba ń tan án kọjá odò sí wọn. Tí wọ́n bá gbọ́ ọmọ wọn tó ń gégùn-ún fún wọn, ọkàn wọn á domi."

Ìbídùn gbé ife omi sílẹ̀. "Bàbá Alàgbà, ẹ̀yin lẹ máa ń pè é ní ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ kéde ààwẹ̀ fún ọmọ rẹ̀."

"Ìgbà náà ni Olúwa fi í fún wa bí ọmọ. Ìgbà yìí, Olúwa ti fi í sí Òdìkejì. Ta ni èmi tí màá bá Olúwa jà?" Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ojú tó mọ́ kedere. Ìyẹn ló dà á lọ́kàn rú. Ì bá ṣe pé ojú ọkùnrin náà yẹ̀, ì bá rọrùn.

"Ẹ̀rọ ló ń kọrin sí Ọlọ́run," ló wí, kò dá a lójú bóyá ìbéèrè ni.

"Má sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ mi. Iṣẹ́ àánú ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Ìyá mélòó nínú ìlú yìí ni ìrònú ì bá ti pa, bí kì í bá ṣe pé ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tó ń sọ fún wọn pé ara ọmọ wọn..."

Ó gé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Níta, ajá gbọn omi nù, ọmọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín.

"Àwọn ìyá wo?" ni Ìbídùn béèrè.

Alàgbà dìde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí Ìbídùn, ọwọ́ náà gbóná. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Baba, fún ìránṣẹ́bìnrin Rẹ yìí ní àlàáfíà tó ju òye lọ."

"Àmín," ni Ìbídùn wí.

Ẹnu rẹ̀ ló ṣe é. Ó ti dé ìsàlẹ̀ òkè kó tó mọ̀ pé òun ti kúrò níbẹ̀.

Ilé Ìbéèrè wà lọ́nà. Ó yà síbẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn fèrèsé ń jẹ ẹ̀pà, ó sì pe Ìbídùn ní mọ́mì nígbà tó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ohùn ọjọ́ Ẹtì ló gbé e wá.

"Ìbéèrè nípa ohùn ni? Ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti béèrè nípa ohùn, ohùn náà á dúró."

"Báwo ló ṣe máa dúró?"

"Wọn ò ní fi ránṣẹ́ mọ́ títí ogun á fi parí. Wọ́n ní ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kò nílò rẹ̀."

"Ìdáhùn ńkọ́?"

"Ìdáhùn á dé, mọ́mì. Òfin ni." Ọmọbìnrin náà fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò ní àtẹ́lẹwọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Òfin ò kàn sọ pé ó gbọ́dọ̀ yé yín ni."

Ìbídùn dúró níbẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ó ń ro Àlàó. Ní ọjọ́ Ẹtì, Àlàó máa ń wọ ẹ̀wù tó mọ́ kó tó jókòó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ó máa ń fá irùngbọ̀n. Báwo lòun ṣe máa gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Tó bá sì jẹ́ pé ọmọ wọn gan-an ló ń sọ̀rọ̀ ńkọ́? Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ó yí padà, ó sì lọ sílé láìbéèrè ohunkóhun.

*

Ní ọjọ́ Ẹtì, ohùn náà dé. Àlàó ti fá irùngbọ̀n. Wọ́n jókòó sórí àga gígùn, ohùn Lásúnkànmí sì jáde láti inú ògiri bí ẹni pé ó wà ní pálọ̀.

"Bàbá mi, Màámi, ẹ kú ilé. Ara mi le. Oúnjẹ ń tó wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ má dákẹ́ àdúrà fún ìjọba wa."

"A ò ní dákẹ́," ni Àlàó dá ògiri lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín. Ìbídùn náà rẹ́rìn-ín. Ó ń tẹ́tí sí gbogbo ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá òkúta nínú ìrẹsì. Ohùn ọmọ rẹ̀ ni. Èémí rẹ̀ ni. Ó gbọ́ ọ tí ó gbé itọ́ mì. Ẹ̀rọ a máa gbé itọ́ mì bí?

"Mò ń lọ wẹ̀," ni Àlàó wí.

Nínú balùwẹ̀, kò bu omi. Ó jókòó sórí garawa tó dojú dé.

"O lọ bá Alàgbà," ló wí. "O ti mọ̀."

"Kí ni mo mọ̀?"

"Pé Kànmí kọ́."

Ìbídùn fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ó pẹ́. Kànmí kì í kí ará ilé. Ìgbà wo ni Kànmí bá ẹnikẹ́ni kí ará ilé? Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ kú ilé kò tí ì tán lẹ́nu rẹ̀ tó fi ń béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde.

"Ẹ wá ń fá irùngbọ̀n. Ẹ ń wọ aṣọ."

"Ìwọ ń rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ gba ẹ̀rín yẹn lọ́wọ́ rẹ."

"Nítorí yín ni mo ṣe ń rẹ́rìn-ín!"

Omi ń kán tó-tó láti ẹnu ẹ̀rọ.

"Ṣé ó ti kú ni?" ni Ìbídùn béèrè.

"Mi ò mọ̀. Ká ní wọ́n sọ pé ó kú, mo mọ bí wọ́n ṣe ń sunkún. Ká ní wọ́n sọ pé ó wà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́. Wọ́n ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ni wọ́n ń ṣe sí ìyẹn, Ìbídùn? Kọ́ mi."

Ìbídùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi, ó gbé orí lé orúnkún ọkọ rẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé etí kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lábẹ́ aṣọ ìnura, ó ń béèrè bóyá wọn ò tí ì wẹ̀ tán.

*

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, Ìbídùn wọ aṣọ funfun, ó sì dúró níwájú gíláàsì ògiri. Àwọn iná kékeré ti kún ojú gíláàsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọmọ Agbo kan nínú ilé tirẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n. Ó mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó mọ ẹni tí kò lè sùn bí òjò bá ń rọ̀. Wọ́n ti sunkún pa pọ̀. Kò tíì fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn rí, kò sì mọ̀ mọ́ bóyá gbogbo wọn ló jẹ́ èèyàn.

Kò tí ì pinnu ohunkóhun. Tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè mú un, wọ́n sì lè fi ọmọ rẹ̀ gbẹ̀san, bí ọmọ náà bá wà. Tó bá dákẹ́, á máa kọrin nìṣó pẹ̀lú ohùn tí wọ́n jí lọ́wọ́ òkú tàbí lọ́wọ́ alààyè, kò mọ èyí tí í ṣe. Àlàó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ pé kó ṣe é, kò sì sọ pé kó má ṣe é.

Alàgbà gbàdúrà. Wọ́n ṣe Àmín. Orin bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dé ibi tí áltò ti máa ń sinmi kí tẹ́nọ̀ lè dá kọ tirẹ̀.

"Ìparun ti dé ilé wọn o," ni tẹ́nọ̀ náà kọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Ìbídùn wí.

Ohùn ara rẹ̀ dẹ́rù bà á. "Ẹ jọ̀ọ́, èmi Ìbídùn ni. Ẹni tó ń kọrin yìí kì í ṣe èèyàn. Ẹ̀rọ ni. Kòtóyè, bí o bá ń gbọ́ mi ní Ìlárá, jọ̀ọ́, àwa la fi ohùn rẹ gégùn-ún. Èmi náà kọ ọ́. Mi ò mọ ìdí tí mo fi kọ ọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ta ló ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì? Níbo ni ọmọ mi wà?"

Sopranó dákẹ́. Báàsì dákẹ́. Gbogbo Agbo gé orin sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Tẹ́nọ̀ nìkan ni kò dákẹ́. Ó ń kọ ọ́ lọ, ohùn rẹ̀ dùn, kò gbọ̀n, ó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gba ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń gbọ́ ọ bí ó ṣe ń dá kọrin láìmọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

"Ẹ ṣe Àmín!" ni Alàgbà kígbe. "Gbogbo ilé, ẹ ṣe Àmín!"

Àwọn kan ṣe é. Orin gé. Lẹ́yìn náà, àwọn iná bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí gíláàsì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí ojú gíláàsì fi ṣókùnkùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àlàó wá dúró ti ìyàwó rẹ̀. Apá wọn kan ara wọn.

"Wọ́n á wá," ló wí.

"Mo mọ̀."

Iná kan kù ní ìsàlẹ̀ gíláàsì, kò kú. Ohùn kan jáde láti inú rẹ̀. Ohùn obìnrin ni, ó rọra ń jáde bí ẹni tó fi ìbòrí bo ẹnu.

"Ìyá Kànmí, ohùn ọmọ tèmi náà máa ń wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ. Kì í fi orúkọ tí ọmọ mi máa ń pè mí pè mí mọ́."

Ìbídùn wo ọkọ rẹ̀. Kò mọ ohùn náà. Ó lè jẹ́ ìyá kan tó dúró níwájú ògiri pálọ̀ rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó lè jẹ́ akọ́hùn tí wọ́n rán wá kí Ìbídùn lè tún sọ̀rọ̀ síwájú sí i, kí ẹ̀sùn lè pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó tẹ́tí láti gbọ́ bóyá obìnrin náà ń mí, ó sì gbọ́ èémí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ohunkóhun fún un. Ọkọ̀ kan dúró níta. Àlàó lọ fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Ìbídùn sún mọ́ gíláàsì títí èémí tirẹ̀ náà fi bo ojú rẹ̀.

"Orúkọ wo ló máa ń pè yín?" ló béèrè.